Agbòṣòòrò ni, kì í ṣe gọ́tà

Ohun tí wọ́n ń ṣe sábẹ́ pèpéle onípákó tó ń jẹ́ dẹ́ẹ̀kì, tó ń gba omi òjò kí ìsàlẹ̀ lè gbẹ fún ìjókòó, "under-deck drainage" ni òyìnbó ń pè é. Mo tún rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ ní Yorùbá pé "ètò ìdarí ìṣàn omi ìsàlẹ̀ dẹ́ẹ̀kì". Ṣé orúkọ nìyẹn àbí àkọlé ìwé òfin? Ẹlòmíràn ní "gọ́tà abẹ́ dẹ́ẹ̀kì", èyí ló wá burú jù. Gọ́tà tiwa, ẹ̀gbẹ́ títì ló ń wà, ẹrẹ̀ àti páálí ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀. Ta ni yóò gbé àga sábẹ́ gọ́tà kó máa jẹun?

Agbòṣòòrò ni mo ń pè é. Òṣòòrò ni omi òjò tó ń ṣàn bọ́ láti etí òrùlé, èyí tí àwọn ìyá wa ń gbé báàfù sí. Ohun tó bá ń gbà á, agbòṣòòrò ni, bí ohun tó ń gba oòrùn ṣe jẹ́ agboòrùn. Àwọn tó ń bá mi jà pé dẹ́ẹ̀kì kì í ṣe òrùlé kò tíì dúró sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Ẹ má sì fi dẹ́ẹ̀kì pe dẹ́kìn tí àwọn bírìkìlà ń da kọnkéré sí o! Pèpéle onípákó ni, tí wọ́n ń gbé sókè mọ́ ẹ̀yìn ilé ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ará wa ní Maryland ń yan ẹran lórí rẹ̀. Àlàfo wà láàárín pákó rẹ̀, ibẹ̀ ni omi ń gbà.

Ẹ wo ìyá tó jókòó sórí àpótí, tó ń bó ẹ̀gúsí. Ìró rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ láàárín itan méjèèjì. Èyí tó bá já bọ́, inú ìró ló ń kó sí. Itan ni àwọn igi ìdábùú abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, tí wọ́n sábà máa ń fi ínṣì 16 jìnnà síra. Ìró ni rọ́bà tí wọ́n tẹ́ lé wọn kí wọ́n tó kan pákó. Ẹ jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé, bí ínṣì 3 lórí ẹsẹ̀ bàtà 12, kí omi bọ́ sínú ọ̀pá tó máa gbé e jìnnà sí ìpìlẹ̀. Tó bá dà sọ́dọ̀ ilé, pákó tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ògiri á jẹrà, òun ló sì di dẹ́ẹ̀kì mú.

Àwọn kan ń kan ike sábẹ́ igi dípò rọ́bà. Agbòṣòòrò náà nìyẹn, àmọ́ òjò ṣì ń pa igi.

Ẹ fi téèpù bo ojú ibi tí rọ́bà ti pàdé rọ́bà, kí ẹ sì fi họ́ọ̀sì da omi sí i kí ẹ tó kan pákó kankan. Tó bá jò lẹ́yìn ìyẹn, pákó ni ẹ máa tú.