Etí ìdí ọta: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra ìbọn ìléwọ́ .22 fún ìdánrawò

Ẹ mú ọta .22 kan àti ọta 9mm kan, ẹ dojú wọn dé, kí ẹ wo ìdí wọn. Láàárín ìdí 9mm, ẹ ó rí ohun róbótó kékeré kan bíi bọ́tìnì tí wọ́n tẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ìdí .22 ní tirẹ̀ tẹ́jú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Inú ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹ̀ wá, àtèyí tó dára àtèyí tó ń dani láàmú.

Èròjà tó ń gbaná bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá ti gbá a ló wà nínú bọ́tìnì yẹn. Ti .22 kò sí láàárín. Etí tó yí ìdí rẹ̀ ká ló ṣófo nínú, ibẹ̀ ni wọ́n ń da èròjà náà sí nígbà tó ṣì tutù, tí wọ́n á wá fi ìkarahun náà yí bírí kó lè tàn kárí. Bí ẹ bá fa apátí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tíríga, abẹ́rẹ́ á tẹ etí yẹn fún mọ́ irin ẹnu ihò tí ọta jókòó sí, iná á ṣẹ́, ẹ̀tù á gbiná, orí ọta á sì jáde. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní 1857 ni Smith & Wesson ti gbé .22 Short jáde, .22 Long Rifle tí à ń yìn dòní sì dé ní 1887.

Ìkarahun tín-ín-rín, ẹ̀tù díẹ̀, kò sí bọ́tìnì tí wọ́n ń ṣe lọ́tọ̀. Orí òjé tó wọ́pọ̀ jù lára .22 kò ju gíráàmù 2.6 lọ, nígbà tí ti 9mm máa ń wà láàárín gíráàmù 7.5 sí 9.5. Ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Ẹni tó gbé .22 wá sí pápá lè yìn ún nígbà 200 láìbojú wo àpò, nígbà tí ẹni tó gbé 9mm ti ń ka èyí tó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn 50.

Etí yẹn kan náà ló ń fa wàhálà. Bí èròjà kò bá dé ibì kan lára rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ sì lọ bọ́ sí ibẹ̀ gan-an, ẹ ó gbọ́ “kọ́”, kò sì ní sí ohun tó máa tẹ̀lé e. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí .22 ju 9mm lọ, kì í sì í ṣe ìbọn ló bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má ṣe yí ẹnu ìbọn kúrò níbi àfojúsùn nígbà náà. Ẹ ka 30 ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹ tó ṣí i, torí iná a máa pẹ́ ràn nígbà mìíràn. Àwọn tó ń bọ́ ọ tán tí wọ́n ń yẹjú wo ẹnu ìbọn pé “kí ló ṣe é?”, àwọn ni wọ́n ń bà mí lẹ́rù jù.

“Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?” Bí wọ́n bá ti bi mí báyìí, èmi náà á bi wọ́n léèrè: kí lẹ fẹ́ fi kọ́? Ọ̀pọ̀ ló ti ní ìbọn ńlá nílé, tí ìwé àṣẹ wọn pé, tí owó ọta rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n máa dánra wò. Irú wọn ni mo ń sọ fún pé kí wọ́n wá àbúrò ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn .22 tó jọ ọ́. Kí ibi ìdìmú rí bákan náà, kí bọ́tìnì tó ń já mágasíìnì, àpótí tí a ń to ọta sí, wà níbi tí àtàǹpàkò ti mọ̀ ọ́n, kí ibi ìfojúsùn má yàtọ̀. Glock 44, tó dé ọjà ní 2020, ṣe déédéé Glock 19 tó ń yin 9mm ní ìwọ̀n, mágasíìnì rẹ̀ sì ń gba 10. Taurus TX22 tó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún kan ń gba 16. Ẹni tó ní CZ 75, ìbọn 9mm náà, lè ra irin orí (èyí tó ń lọ sẹ́yìn tó ń padà lórí ìbọn), ihò àti mágasíìnì .22 tí wọ́n ń pè ní Kadet, kó gbé e lé ìdí ìbọn tirẹ̀ gan-an. Èyí wù mí ju gbogbo wọn lọ, torí pé apátí tí ìka rẹ ń fà níbi ìdánrawò ni yóò máa fà lọ́jọ́ gbogbo.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ní ìbọn kankan, tàbí tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi ọta sojú ibì kan ṣoṣo, mi ò ní rán an síbẹ̀. Ruger Mark IV tàbí Browning Buck Mark ni n ó gbé lé e lọ́wọ́. Wọ́n wúwo, ẹnu wọn gùn, ihò wọn dúró gbọin sára ìbọn nígbà tí irin ẹ̀yìn ń lọ tó ń bọ̀, apátí wọn sì mọ́. Apátí ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn lára ìbọn ìdánrawò. Níbi ìdíje ìbọn ìléwọ́ mítà 25 ti Òlíḿpíìkì, ọta .22 yìí náà ni wọ́n ń lò, òfin sì ni pé apátí kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kílò kan lọ. Ti Glock ń lọ bíi kílò 2 ààbọ̀. Ẹni tó bá fi kílò kan kọ́ra fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tó bá padà sórí ìbọn ńlá, á dà bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn níka. Ẹ rántí ìyẹn kí ẹ tó fẹ́ràn èyí tó rọ̀ jù.

Rìfọ́fà, ìbọn tí ọta rẹ̀ ń jókòó sínú àwọn ihò àgbá tó ń yí, náà kò burú rárá. Smith & Wesson 617 ń gba ọta 6 tàbí 10, èyí tí kò bá sì dún, ẹ óò kàn ṣí i lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ni, kò sí pé irin há sáàárín. Fífa apátí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gùn, ó sì le. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fà láìmì ìbọn, kò sí apátí tó máa dà á láàmú mọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ihò rẹ̀ á dọ̀tí lẹ́yìn ọta bíi mélòó kan, òmíràn á wá máa le wọlé.

Ẹ jẹ́ n padà sórí àwọn onírin-orí, torí ẹjọ́ wọn ló pọ̀ jù létí mi. Kò sí ohun tó ń ti irin orí ọ̀pọ̀ ìbọn .22 pa bí ọta bá bú. Agbára tó ń ti ìkarahun sẹ́yìn nìkan ló ń gbé irin náà padà, tó ń ju ìkarahun dànù, tó sì ń gbé òmíràn wọlé. Agbára yẹn kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe irin orí rẹ̀ ní fífúyẹ́. Bí ọta bá rọ̀ jù, irin kò ní dé ẹ̀yìn tán. Fún ìdí èyí, ìbọn .22 a máa yan oúnjẹ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdíje sábà máa ń fẹ́ ọta tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó jọ ìbọn ìgbèjà-ara máa ń fẹ́ èyí tó yára. Ẹ má ra ọta 500 pa pọ̀ kí ẹ tó mọ èyí tó ń jẹ. Ẹ ra oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún, 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yìn wọ́n tán, kí ẹ kọ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan há sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń tò wọ́n sínú mágasíìnì, ẹ má jẹ́ kí etí ọta òkè bọ́ sẹ́yìn etí ti ìsàlẹ̀, wọ́n á kọ́ ara wọn, kò sì ní sí èyí tó máa gòkè.

Ohun tí .22 kò lè kọ́ yín ni ìtapadà. Kì í fò lọ́wọ́, èyí sì ni oògùn tó dára jù fún ẹni tí ẹ̀rù ariwo ti bà jẹ́, tí ìka rẹ̀ kò tíì fa apátí tán tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ti ìbọn sílẹ̀ de ìbúgbàù. Ẹ ní kí ẹnìkejì yín to mágasíìnì fún yín, kí ó ki ọta oníke tí kò ní ẹ̀tù sáàárín níbi tí ẹ kò mọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gbá ike yẹn, tí ẹnu ìbọn sì wọ́lẹ̀, ẹ ti rí ẹni tó ń da àfojúsùn yín rú. Àmọ́ ẹ máa fi ọta ńlá bíi 20 parí ìdánrawò, kí ọwọ́ má baà gbàgbé.

Wọ́n tún máa ń fojú kéré rẹ̀. Ọta .22 lè rìn tó kìlómítà 2.4, ó sì ń pani. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ gbà kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Òjé tí kò wọ nǹkan kan lára náà ni orí ọ̀pọ̀ wọn, nítorí náà ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ìdọ̀tí rẹ̀ pọ̀, ẹ óò máa tú ìbọn yìí nígbà gbogbo, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń tú u kí ẹ tó sanwó. Bọ́tìnì kan lẹ́yìn ni títú Mark IV ti 2016 ń gbà. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lórúkọ náà, àtòpadà wọn ti mú àgbàlagbà búra.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ yọ mágasíìnì, ẹ rí i dájú pé ihò ṣófo, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí etí ọta máa ń jókòó. Ẹni tó bá ń fa apátí .22 láìsí ọta nínú rẹ̀ lè mú kí abẹ́rẹ́ máa gbá irin yẹn fúnra rẹ̀, àfi bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá fi ohun ìdádúró sí i. Ìwé ìlò rẹ̀ ló máa sọ. Bí ẹ bá rí ibi tó ti wọnú, ìkarahun á máa le wọlé, á máa le jáde, etí ọta kò sì ní rí irin tó dúró tì í mọ́. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ lè tẹ́ ẹ padà. Kí ẹ yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.