Gbèdéke àti ọjọ́ tí a dá fúnra wa

Àwọn áàpù tó ń bá ni ṣètò iṣẹ́ lórí fóònù máa ń béèrè ohun kan náà nígbàkígbà tí a bá kọ iṣẹ́ tuntun sínú wọn: ọjọ́ wo? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn tẹ "ọ̀la", wọ́n á sì kọjá lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní due date. Ibi tó ti ń dà rú ni pé ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ ọjọ́ oríṣi méjì sí.

Oríṣi kìíní ni gbèdéke. Ẹlòmíì ló sábà máa ń dá a, bó bá sì kọjá, nǹkan á bàjẹ́ tàbí kí owó bọ́ lápò ẹni. Oríṣi kejì ni ọjọ́ tí a dá fúnra wa. Bí ìyẹn bá kọjá, kò sẹ́ni tó máa bi wá.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n máa pín ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bódìjà láàárọ̀ Fúráìdè ní gbèdéke: bó bá dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, pépà lásán ni. Owó orí tó yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Bó bá ń gba VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, lọ́wọ́ oníbàárà, ọjọ́ 21 ni tìyẹn. Àkọsílẹ̀ owó orí àwọn òṣìṣẹ́ fún ọdún tó kọjá, 31 oṣù kìíní. Ti òun fúnra rẹ̀, 31 oṣù kẹta. Ìtanràn ló ń tẹ̀ lé àwọn wọ̀nyí, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹ wá wo ìyókù tó wà nínú fóònù rẹ̀. Kó pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kó kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sílẹ̀. Kó lọ wo iye tí wọ́n ń ta pépà ní Dùgbẹ̀. Kó kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń gé ìwé. Kò sí gbèdéke nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n torí kó má bàa gbàgbé, ó kọ "Mọ́ńdè" sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mọ́ńdè dé, iná ò sí. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan wá láti Ọ̀jọ́ọ̀ láti wo káàdì rẹ̀, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ní kí wọ́n pa àwọ̀ dà. Nígbà tó fi máa di alẹ́, gbogbo iṣẹ́ yẹn ti di pupa lójú fóònù, àwọ̀ tí áàpù fi ń sọ pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Ó sún wọn sí Túsìdé. Túsìdé, ó tún sún wọn.

Sísún ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ná an ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ojú rẹ̀ láti máa fo pupa. Nígbà tí owó orí bá wá di pupa, àárín àwọn tó ti ń sún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló máa wà, àwọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà. Bí ẹni tó fi ìṣẹ́jú 15 ti aago ilé rẹ̀ síwájú kó má bàa máa pẹ́ ni: kò ní pẹ́ táá fi máa yọ ìṣẹ́jú 15 náà lọ́kàn kó tó dìde.

Ṣé ká má dájọ́ fúnra wa mọ́ ni? Rárá o. Ní 2002, àwọn olùwádìí méjì, Dan Ariely àti Klaus Wertenbroch, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọ̀kan lára ohun tí wọ́n dán wò, wọ́n ní kí àwọn èèyàn ka ìwé mẹ́ta, kí wọ́n wá àṣìṣe inú rẹ̀, iṣẹ́ tí ará Mọ́kọ́lá mọ̀ dunjú. Wọ́n pín ọjọ́ fún àwọn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan dá ọjọ́ tiwọn, àwọn yòókù lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá lọ́jọ́ ìparí. Àwọn tí wọ́n pín ọjọ́ fún ló rí àṣìṣe jù, àwọn tó dájọ́ fúnra wọn ló tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ní ọjọ́ ìparí nìkan ló kẹ́yìn. Àmọ́ ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ tó bá kan ìwádìí yìí: owó wà lórí ọjọ́ tí àwọn èèyàn yẹn dá. Dọ́là kan ni wọ́n ń yọ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá fi pẹ́. Fóònù yín ò lè yọ kọ́bọ̀ lápò yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ dá lágbára, ẹ fi ẹlòmíì sí i. Kí obìnrin wa pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mẹ́wàá Tọ́sìdé ni mo máa retí yín." Àdéhùn nìyẹn. Kó sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, "Lọ́la ni màá kọ́ ẹ." Ọmọ iṣẹ́ ò ní gbàgbé, ẹ fọkàn balẹ̀.

Áàpù míì ti yanjú ìdajì ìṣòro dída ọjọ́ méjèèjì pọ̀ yìí. Èyí tó ń jẹ́ Things ní ojú kan fún ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́, òmíràn fún gbèdéke. Òmíì, OmniFocus, lè fi iṣẹ́ pa mọ́ títí ọjọ́ tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ á fi dé. Bí tiyín bá jẹ́ olójú kan, gbèdéke nìkan ni kẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀. Ẹ kó ìyókù sínú àkọsílẹ̀ "ọ̀sẹ̀ yìí" tí kò lọ́jọ́, kẹ́ ẹ máa wò ó láràárọ̀. Èmi gan-an fẹ́ràn èyí ju áàpù olówó lọ.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì o, torí gbèdéke kì í sọ ìgbà tó yẹ kéèyàn gbéra. Ìwé ìsìnkú Fúráìdè yẹn, ẹ kà á sẹ́yìn. Tọ́sìdé, kíká àti dídì. Ọjọ́ tó ṣáájú, pléètì àti títẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ẹbí á fẹ́ kà á, wọ́n á sì rí i pé orúkọ ọmọ-ọmọ kan ò sí níbẹ̀. Ìjà orúkọ nìkan lè gba odindi ọjọ́ kan. A sì máa ń ṣírò ọjọ́ kù. Olùwádìí kan, Roger Buehler, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà ìgbà tí wọ́n rò pé àwọn máa parí ìwé àṣekágbá wọn, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní 1994: bí ọjọ́ 34 ni wọ́n rò, bí ọjọ́ 56 ló gbà wọ́n. Nítorí náà, ìlà méjì ni iṣẹ́ ìwé ìsìnkú yìí máa ní nínú fóònù obìnrin wa. Fúráìdè: gbèdéke. Sátidé tó ṣáájú rẹ̀: "Gba orúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ àkọ́bí."