Kí ni owó àtúngbìn?

Ní àárín oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, òtútù kan já lu àfonífojì Okanagan ní ìpínlẹ̀ British Columbia, lórílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń gbin ápù, ṣẹ́rì àti àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì. Ọ̀gìnnìtìn ọdún yẹn ò kọ́kọ́ mú, ara àwọn igi ò tíì le. Àfi bó ṣe wálẹ̀ lójijì sí nǹkan bíi -25°C. Ojú igi tí òdòdó ì bá ti yọ kú sínú èèpo. Ìkórè àjàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá lọ́dún náà.

Ní oṣù kẹta, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde owó tó tó mílíọ̀nù 70 dọ́là Kánádà fún àtúngbìn. Owó gbà-má-bínú kọ́ o. Ètò adójútòfò ló ń rí sí ìkórè tó ṣòfò. Ní ti owó àtúngbìn, ìjọba ń bá àgbẹ̀ gbé lára ìnáwó híhú igi tó ti kú tàbí tí kò so dáadáa mọ́, kí ó lè fi irú tó lágbára jù ú lọ rọ́pò.

Àgbàdo tó kú, òjò mìíràn la ó fi tún un gbìn. Àjàrà ń gbà tó ọdún mẹ́ta kí ó tó so èso tó ṣeé kó lọ sọ́jà, owó á sì máa jáde láìwọlé. Ẹni tó ti hú kòkó arúgbó rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ìjọba ní kí àwọn àgbẹ̀ gbin "irú tó lè fara da ojú ọjọ́". Ojú ọjọ́ wo? Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ooru dé 49.6°C ní Lytton ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Igi tí òtútù ò pa, oòrùn lè pa á. Bí wọ́n ṣe gbìn ín náà ṣe pàtàkì. Àjàrà tí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn kí méjèèjì lè di igi kan, bí òtútù bá pa á dé ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, igi tó ni gbòǹgbò ni yóò hù padà, kì í ṣe èyí tí àgbẹ̀ fẹ́. Èyí tó dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀ lè tún hù láti ìsàlẹ̀.

Àríyànjiyàn tó le jù, ọjà ló wà. Òtútù tètè máa ń pa irú àjàrà tí wọ́n ń pè ní Merlot. Marquette, irú àjàrà mìíràn tí Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà mú jáde lẹ́yìn tí wọ́n da àjàrà Yúróòpù pọ̀ mọ́ ti igbó Amẹ́ríkà, ń yè é nínú yìnyín. Ṣùgbọ́n Merlot lorúkọ tí ẹni tó ń ra wáìnì mọ̀, ìjọba ò sì lè bá àgbẹ̀ wá oníbàárà fún Marquette.