Ṣé orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù náà ló ní òṣìṣẹ́ jù?

Bí ẹ bá dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Èrò wa pọ̀, òṣìṣẹ́ wa náà ló máa pọ̀ jù." Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Bangladesh. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́dún 1971, wọ́n pọ̀ ju àwa ọmọ Nàìjíríà lọ. Lónìí àwa ti lé ní igba mílíọ̀nù dáadáa, àwọn kò tíì pé mílíọ̀nù 180. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba wọn lọ́dún 2022 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 73 ló wà nínú agbo òṣìṣẹ́ wọn. Tiwa, nínú ìṣirò NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò ní Nàìjíríà, fún ìparí ọdún 2020, kò ju mílíọ̀nù 69.7 lọ.

Ọmọdé ló kọ́kọ́ fà á. Nínú ọgọ́rùn-ún wa, ó lé ní ogójì tí kò tíì pé ọdún 15; tiwọn kò tó ọgbọ̀n. Ọmọ mẹ́fà sí méje ni obìnrin Bangladesh ń bí ní nǹkan bí 1970. Bíi méjì ni báyìí. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń kiri píọ̀ wọ́tà ní Ìwó Road ń ṣiṣẹ́, ó sì dùn mí pé ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí nínú iye yẹn, torí ẹni ọdún 15 sókè ni wọ́n ń kà.

Àṣìṣe kejì ló burú jù lójú tèmi. Ọ̀pọ̀ rò pé agbo òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń gbowó oṣù. Rárá o. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́, yálà l'ọ́fíìsì tàbí l'ọ́jà, àti àwọn tó ń wáṣẹ́ ni. Ọmọkùnrin Àpáta tó jáde yunifásítì, tó ń pín lẹ́tà ìwáṣẹ́ kiri Sẹkitéríàtì, wà nínú rẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, tó jókòó sílé, tí kò wáṣẹ́ mọ́, wọn ò kà á mọ́ nìyẹn. Láàárín ọdún 2020, ọdún Kòrónà, mílíọ̀nù 80.3 ni NBS kà. Kí ọdún tó parí, ó ti já sí 69.7. Àwọn tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ kò kú o.

Ìlànà náà ń yí padà. Obìnrin tó ń dín àkàrà ní Bẹẹrẹ fún wákàtí méjì láràárọ̀, aláìríṣẹ́ ni NBS ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀. Ní ọdún 2023 ni wọ́n gbé ìṣirò tuntun jáde. Ìbéèrè wọn ni pé: ní ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè, bó tiẹ̀ jẹ́ wákàtí kan péré? Bí ẹ bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ níṣẹ́. Ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, nìyẹn. Ìdí nìyí tí àìríṣẹ́ṣe fi kúrò ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí 2020, tó di 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Owó alákàrà kò lé sí i.

Kódà, 73 àti 69.7 tí mo fi wéra lókè yẹn kò dọ́gba tán. Bangladesh ń ka ẹni ọdún 15 sókè láìní òpin. Tiwa nígbà náà dúró ní ọdún 64. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà kò sí nínú 69.7.

Bẹ́ẹ̀ sì ni inú ìwọ̀nba ilé tí wọ́n yàn ni wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n tó fi ìdá tí wọ́n rí ṣírò gbogbo ìlú. Ìkànìyàn ni wọ́n sì fi ń mọ iye gbogbo ìlú. Bangladesh ka èèyàn wọn lọ́dún 2001, 2011 àti 2022. Ọdún 2006 ni Nàìjíríà ti ka tirẹ̀ kẹ́yìn.