Gọ́ọ̀mù mọ́dẹ́ẹ̀lì kì í lẹ ike, yíyọ́ ló ń yọ́ ọ

Ẹni tó bá ti ṣí páálí kíìtì mọ́dẹ́ẹ̀lì rí, ìyẹn ẹ̀yà ike tí wọ́n ń tò pọ̀ di nǹkan kékeré tó jọ ojúlówó, bàlúù ni o, mọ́tò ni o, ọkọ̀ ogun ni o, ti mọ bó ṣe máa ń rí nínú: férémù ike tí ẹ̀yà kéékèèké so mọ́, ìwé àwòrán tó ń sọ èyí tó kàn, àti sítíkà tí wọ́n ń rẹ sómi. Wọ́n á fi nípà gé ẹ̀yà kúrò lára férémù, wọ́n á fi sáńpépà ha ojú ibi tó ti so, wọ́n á wá tò ó. Ìyẹn ò ṣòro, ọmọ tó bá ní sùúrù lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà ò ní wàhálà, 1/72 kàn túmọ̀ sí pé íǹṣì kan lára mọ́dẹ́ẹ̀lì ni ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lára ojúlówó, ó parí. Ibi tó dùn ni ìgbà tí ìlàjì ara bàlúù ti apá òsì bá pàdé ti apá ọ̀tún, tí nǹkan olómi kékeré kan wá sáré gba àárín wọn kọjá, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo bọ́rọ̀ ṣe máa ń lọ ní Àkúrẹ́. Kíìtì sábà máa ń bá ẹrù ẹ̀gbọ́n kan wọlé láti òkè òkun, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò sì ní bá a wọlé, torí gọ́ọ̀mù yẹn ń gbaná kíákíá, àwọn oníbàlúù ò sì fẹ́ irú ẹ̀ nínú ẹrù. Ẹni tó ni kíìtì á wá gba Ọjà Ọba lọ, á ra súpàgúlù tí àwọn tó ń tún bàtà ṣe ń lò, bó bá sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni wọ́n á ní kó fọkàn balẹ̀, ṣebí gọ́ọ̀mù ni gọ́ọ̀mù ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ti ba bàlúù jẹ́ tó ìyẹn.

Súpàgúlù, tí àwọn oníkẹ́místrì ń pè ní cyanoacrylate, ọ̀rinrin ló ń mú un ṣiṣẹ́. Omi táṣẹ́rẹ́ tó wà lára nǹkan àti nínú afẹ́fẹ́ ló ń mú kó gan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín àsìkò òjò, nínú oṣù keje tí ara ògiri pàápàá máa ń tutù yẹn, ó lè ti gan kéèyàn tó tún ẹ̀yà tò sí ààyè rẹ̀. Bó bá sì ti gan, ó ti di ohun kẹta láàárín méjì: ike, súpàgúlù, ike. Kò wọnú ike, ojú rẹ̀ lásán ló dì mú. Téèyàn bá fà á ní tààrà ó lágbára gan-an, àmọ́ kó já bọ́ látorí tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí kí ẹnì kan yí i, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ ló ti máa dá. Èéfín rẹ̀ tún máa ń mú kí ike tó mọ́ gaara, ìyẹn èyí tó dúró fún gíláàsì iwájú awakọ̀, funfun ràkọ̀ràkọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa nù ún tó máa tètè lọ. Ó níbi tó ti wúlò o, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ike bá ti pàdé ike.

Polystyrene ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kíìtì. Gbogbo wa la ti fọwọ́ kàn án: ara bírò Bic tó mọ́ gaara yẹn, ilé CD àtijọ́, àti fóòmù funfun tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí fún èèyàn níbi ìnáwó, ìyẹn polystyrene tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Ẹni tó bá ti ta pẹtiróòlù sí fóòmù yẹn lára rí á ti rí i tó wó, tó di nǹkan tó ń fà tìẹ̀tìẹ̀. Bẹ́ẹ̀ pẹtiróòlù kan náà ló wà nínú jálákánì tí wọ́n fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan tí nǹkan kan ò ní ṣe jálákánì, torí polyethylene ni jálákánì, pẹtiróòlù ò lè tú u. Kódà èèpo ọsàn tó, bí wọ́n bá fún un kó ta sí fóòmù lára, ojú fóòmù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Limonene ló wà nínú òróró èèpo ọsàn yẹn, ilé iṣẹ́ Tamiya tó wà ní Shizuoka nílẹ̀ Jàpáànù sì ń ta gọ́ọ̀mù mọ́dẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ limonene yẹn náà ni, tó ń ta sánsán ọsàn. Torí náà ike kíìtì ní àìlera kan tí jálákánì ò ní, àìlera yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká wọnú ẹ̀. Polystyrene jẹ́ ẹ̀wọ̀n mọ́líkù (molecule) gígùn-gígùn tó lọ́ mọ́ra wọn wúruwùru. Gọ́ọ̀mù mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ṣàn, bíi Tamiya Extra Thin, acetone àti butyl acetate, olómi méjì tó ń yára gbẹ, ló wà nínú ẹ̀, kò sí nǹkan tó ń lẹ̀ nínú ìgò yẹn rárá, téèyàn bá dà á sórí gíláàsì á gbẹ lọ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Bó bá kan ojú ike, ó ń wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n yẹn, á tú wọn díẹ̀, ojú ike á rọ̀. Bí ojú méjì tó ti rọ̀ bá fara kanra, ẹ̀wọ̀n tibí á wọ tọ̀hún, tọ̀hún á wọ tibí, lẹ́yìn náà acetone á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, àwọn ẹ̀wọ̀n á sì há sínú ara wọn. Ike nìkan ló ṣẹ́kù. Ibi tí wọ́n ti so ó ò yàtọ̀ sí ibi tí wọn ò ti so ó.

Ẹni tó bá dàgbà sí ìpínlẹ̀ Oǹdó ò nílò kẹ́místrì kó tó yé e, iyán ti kọ́ ọ tipẹ́. Mú òkèlè iyán méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú odó jáde, tẹ̀ wọ́n pọ̀, kó o wá ibi tí wọ́n ti pàdé, o ò ní rí i. Wá mú méjì tó ti tutù tí ojú wọn ti gbẹ, tẹ̀ wọ́n pọ̀ di alẹ́, méjì náà ni wọ́n á jẹ́. O lè fi ẹ̀gúsí tó ki sáàárín wọn kí wọ́n lè dúró, àmọ́ ẹ̀gúsí ló di wọ́n mú, iyán ò mọ iyán. Súpàgúlù ni ẹ̀gúsí yẹn. Ọ̀dà tó bá wà lójú ike kí wọ́n tó so ó, ojú iyán tó gbẹ nìyẹn. Ẹni tó bá da gọ́ọ̀mù bò ó, ẹni tó bu omi jù sínú odó ni, kò sí òkèlè tó máa dúró mọ́, kò sì sí bó ṣe máa bu omi yẹn kúrò. Ẹni tó bá fi ẹ̀yà tó ní ìdọ̀tí so, iyán oníkókó ló gún fún àlejò, àlejò á sì rí i. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé odó sílẹ̀, torí ó níbi tí wọn ò ti jọra: iyán rọ̀ dénú, ike kíìtì ò gbọ́dọ̀ rọ̀ dénú. Òréfèé ojú rẹ̀ nìkan ni gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ yọ́, bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n gbẹ́ sí ara bàlúù á parẹ́.

Bó ṣe ń débẹ̀ náà tún jẹ́ nǹkan tó wúni lórí. Gọ́ọ̀mù tó ki, tí wọ́n ti yọ́ polystyrene díẹ̀ sínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń fi kun ojú ike kí wọ́n tó so ó. Èyí tó ṣàn ò gba bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀ ní gbígbẹ, wọ́n á fọwọ́ dì í mú, wọ́n á wá fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ojú àlàfo lẹ́ẹ̀kan péré. Gọ́ọ̀mù á sáré fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń fà á, bí àlàfo bá sì ṣe tín-ín-rín tó ló ṣe máa rìn jìnnà tó, èèyàn á kàn rí ìlà tó tutù tó ń gba ẹ̀yìn bàlúù lọ títí dé ìrù. Ibi tí àlàfo bá ti fẹ̀ ló máa dúró sí. Ibi téèyàn bá sì fi ìka lé orí àlàfo yẹn, ó gba abẹ́ ìka wọlé, á sì ya àwòrán ìka sára ike, tó máa wà níbẹ̀ kánrin. Ní ọ̀sán gangan, tí ooru mú tí fáànù sì ń fẹ́ wúù, ó lè gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì kó tó kan ike, torí náà ẹ yí fáànù sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ ẹ má pa á, ẹ ṣí fèrèsé náà, èéfín yẹn ò dáa fún orí. Bí iná bá sì lọ lójijì, ẹ má tan àbẹ́là sítòsí ìgò yẹn láé, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì fóònù, tàbí kẹ́ ẹ lọ sùn.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á ti dì mú. Ibẹ̀ ni ìwàǹwára ti ń ba nǹkan jẹ́. Dídì mú àti gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà, torí acetone tó wọnú lọ ò tíì jáde tán, ike tó wà lójú ìpàdé yẹn ṣì wú díẹ̀. Bí wọ́n bá fi sáńpépà ha á lọ́jọ́ yẹn, tó jọ̀lọ̀, tí wọ́n sì kùn ún lọ́dà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìyókù bá jáde, ike á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ìlà tí wọ́n ti ha dànù á tún yọjú lábẹ́ ọ̀dà. Kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré jù, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tó ki so á fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iyán ogún ọdún a sì máa jóni lọ́wọ́. Ẹ wo táyà rírọ̀ tó máa ń wà nínú kíìtì mọ́tò àtijọ́: vinyl, irú ike míì, ni, nǹkan olóròóró kan ni wọ́n pò mọ́ ọn kó lè rọ̀, òróró yẹn sì máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Bí táyà bá ti wà lára rímù tó jẹ́ polystyrene, òróró yẹn á máa tú u, ọjọ́ kan ẹni tó kó kíìtì pamọ́ á ṣí páálí, á bá rímù tó ti yọ́ mọ́ táyà, tẹ́nikẹ́ni ò ta gọ́ọ̀mù sí i. Àìlera kan náà ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó kíìtì jọ láìtò ó, ẹ yọ táyà sínú ọ̀rá tirẹ̀.

Ibi tí gọ́ọ̀mù yìí ò ti lè ṣe nǹkan kan ni ibi tí kò bá ti sí polystyrene. Ẹ̀yà tí wọ́n kùn ní kúróòmù ń fẹ́ kí wọ́n ha kúróòmù yẹn kúrò lójú ìpàdé ná. Irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí àwọn kan ń rà kún kíìtì, àti ẹ̀yà resin, ìyẹn irú ike míì tí gọ́ọ̀mù yìí ò lè tú, súpàgúlù ló ni ìyẹn, ibẹ̀ ló ti wúlò. Gíláàsì iwájú ní tirẹ̀, gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ló dáa jù fún un, kò ní yọ́ ọ, kò sì ní sọ ọ́ di funfun bó bá gbẹ.

Ọgbọ́n kan wà tí ò ná nǹkan kan. Férémù tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ẹ̀yà kúrò, ọ̀pọ̀ ló ń jù ú sí ààtàn, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè gé e wẹ́wẹ́ sínú gọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú ìgò kékeré, á yọ́ di ike tó ki, wọ́n á fi dí àlàfo tó fẹ̀. Bó bá gbẹ, ike kíìtì gan-an ni, sáńpépà ń ha á bó ṣe ń ha ìyókù, kò ní le jù ú lọ, kò ní rọ̀ jù ú lọ. Àwọn tí ò rí gọ́ọ̀mù rà máa ń lo tínà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún mọ́tò lọ́dà ní mẹkáníìkì, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ torí irú acetone yẹn àti ẹbí rẹ̀ ló sábà wà nínú ẹ̀, àmọ́ ó le, ó lè jẹ ike jù, ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó kọ́kọ́ fi ilé CD tó ti fọ́ dánra wò.

Wọn ò bá polystyrene bẹ̀rẹ̀ o. Kíìtì Penguin tí ilé iṣẹ́ FROG gbé jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 1936, cellulose acetate, irú ike míì, ni, ìyẹn sì máa ń lọ́ bó bá pẹ́. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ Airfix fi máa gbé kíìtì ọkọ̀ ojú omi Golden Hind jáde lọ́dún 1952, polystyrene ni wọ́n lò. Ike tó ń dá tí ò ṣeé tẹ̀, tí pẹtiróòlù lè pa, wọ́n lọ yàn án fún nǹkan téèyàn máa fọwọ́ ara ẹ̀ tò, torí ó ń gba gbogbo ìlà tó wà nínú irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì gbà kí wọ́n so ó di ọ̀kan nínú yàrá láìsí iná. Lójú tèmi, ẹni tó rí ìyẹn gbọ́n ju ẹni tó ń wá ike tó le lọ. Àbùkù ibẹ̀ ni pé kò ṣeé tú: ẹni tó bá so ìyẹ́ bàlúù sódì, tó sì sùn, ayùn ló máa fi là á.

Bandai, ilé iṣẹ́ Jàpáànù míì, gbìyànjú láti gba ibòmíì lọ. Kíìtì róbọ́ọ̀tì Gundam wọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980 nílò gọ́ọ̀mù, àmọ́ ti ìsinsìnyí kì í lò ó, wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́ wọ ara wọn ni, ó sì ń dùn gbàù lọ́wọ́. Ọmọdé lè tò ó lálẹ́ ọjọ́ kan. Àmọ́ ìlà ìpàdé á ṣì wà gbangba láàárín apá àti láàárín ẹsẹ̀, àwọn tí ìlà yẹn ń bí nínú á sì tún lọ mú gọ́ọ̀mù tó ṣàn, wọ́n á fi kan ojú àlàfo, wọ́n á fún méjèèjì pọ̀ títí ike tó yọ́ á fi yọrí díẹ̀ lókè, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ, wọ́n á wá ha á. Kí wọ́n ṣáà ṣọ́ra níbi oríkèé, torí ABS, irú ike míì, ni àwọn ẹ̀yà míì níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tó bá sá wọ ibi tó há mọ́ra lè mú kó là.