"Ẹ yọ thermostat dànù": ìmọ̀ràn tó ń pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àtijọ́

Ẹ gbé Peugeot 504 tàbí Mercedes W123 tó ń gbóná jù lọ bá mẹkáníìkì ní Mushin, ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo. Bọ́nẹ́ẹ̀tì lè má tíì ṣí tán tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ thermostat yẹn dànù. Òyìnbó tí òtútù ń pa ló nílò ẹ̀. Oòrùn tiwa ti tó." Spánà á wọlé, thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣàkóso omi tó ń lọ láti ẹ́ńjìnì sí rẹ̀díétọ̀, á bọ́ sílẹ̀, wọn á dá họ́ọ̀sì padà, wọn á rọ omi kún rẹ̀díétọ̀, ó parí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣì ń na títì nílẹ̀ wa ni kò ní thermostat mọ́, ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì mọ̀ pé wọ́n yọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Thermostat ojúlówó máa ń ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀: 79, 82, 87. Ìwọ̀n Celsius tí omi gbọ́dọ̀ gbóná dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nìyẹn. Ọ̀sán Èkó tó mú jù, tí à ń nu òógùn lójú láìdúró, ooru afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í sábà ju 35 lọ. Kò tó ìdajì. Lójú thermostat, Èkó àti London, òtútù ni méjèèjì. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn ará Saudi Arabia pàápàá, níbi tí ooru ti ń ju 45 lọ, thermostat wà nínú rẹ̀.

Ìda ló wà nínú ife irin kékeré tó wà láàárín rẹ̀. Bí omi bá gbóná tó, ìda á yọ́, á wú, á sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí kí omi lè kọjá sínú rẹ̀díétọ̀. Kó tó dìgbà náà, omi á máa yí po nínú ẹ́ńjìnì nìkan, kí ẹ́ńjìnì lè tètè móoru. Ẹ́ńjìnì nílò ooru yẹn. Nínú ọkọ̀ tó ń lo kábúrétọ̀, bẹntiróòlù tó bá bá ògiri sìlíńdà tútù kì í di afẹ́fẹ́ tán. Á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri náà, á sì ṣàn lọ sísàlẹ̀ bá ọ́ìlì tó kù. Omi tó ń jáde látinú epo tó jó náà á dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí nǹkan funfun rẹ́súrẹ́sú bí ògì lábẹ́ rẹ̀. Ríìngì á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, epo á máa lọ. Mo sì máa ń gbọ́ kí àwọn èèyàn máa fọ́nnu pé géèjì ooru ọkọ̀ àwọn kì í kúrò nílẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àìsàn ni wọ́n ń yangàn lé lórí.

Ti Mercedes ló tún burú jù. Thermostat rẹ̀ ní àwo méjì. Bí omi bá gbóná, àwo kan á ṣí ọ̀nà rẹ̀díétọ̀, èkejì á sì dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà méjèèjì á wà ní ṣíṣí. Omi kò yàtọ̀ sí ọlọ́kadà, ibi tó bá ti rọrùn ló ń gbà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á gba ẹ̀bùrú, á padà sínú ẹ́ńjìnì láìfojú kan rẹ̀díétọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n yọ thermostat rẹ̀ kó má baà gbóná á wá máa hó nínú gosiló.

Kí ló dé táwọn èèyàn fi gbà á gbọ́? Torí pé ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Omi kànga tí a ń rọ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí kò ní kúláàntì kankan, máa ń mú irin dípẹtà, thermostat á sì há ní títì. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọkọ̀ á tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti kú ni wọ́n yọ, òmíràn ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Ìkòkò omi lẹ ó fi mọ̀. Ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú omi, kó má kan ìdí ìkòkò, kẹ́ ẹ gbé e kaná. Kí omi tó hó, ó yẹ kó ti la ẹnu. Bó bá tutù, kó padé padà. Èyí tó bá wà ní títì nínú omi híhó ti kú. Tuntun tẹ́ ẹ rà ní Ládípọ̀ náà, ẹ sè é kẹ́ ẹ tó dè é. Mi ò fọkàn tán páálí.

Bó bá ya ẹnu dáadáa, a jẹ́ pé à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ bi ara yín pé ìgbà wo ni ọkọ̀ ń gbóná. Bó bá jẹ́ nínú gosiló nìkan, fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Fáànù 504 ní mágínẹ́ẹ̀tì tó máa ń gbá a mú bí omi bá gbóná. Kábọ̀n kékeré tó ń gbé iná lọ síbẹ̀ máa ń jẹ tán, fáànù á sì máa fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ lórí eré ni, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, rẹ̀díétọ̀ ló ṣeé ṣe kó dí, tàbí kí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ máa fún pọ̀ bí páḿpù bá ń fà á. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ iná mọ́ ọn, kẹ́ ẹ máa wo họ́ọ̀sì náà. Bí omi bá ń ru fùkẹ̀fùkẹ̀ nínú rẹ̀díétọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó móoru rárá, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ti jó. Táímíìnì, ìyẹn àkókò tí pílọ́ọ̀gì ń tan iná, tó bá pẹ́ jù náà ń mú ọkọ̀ gbóná, àwọn èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀.

Ìdérí rẹ̀díétọ̀ náà ńkọ́? Ìdérí tó ń di báà 1 (ìwọ̀n agbára tí omi fi ń tì í) mú kì í jẹ́ kí omi hó títí á fi gbóná dé nǹkan bíi 120. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gan, 100 ni omi á ti hó, á sì dà sílẹ̀. Ó wà lára àwọn páàtì tó rọjú jù lówó nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná.

Bẹ́ ẹ bá ń dá thermostat padà, ẹ jẹ́ kí ihò kékeré ara rẹ̀ kọjú sókè, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde. Lẹ́yìn náà, géèjì á gòkè dé àárín, á sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára pé kó wà nílẹ̀ lè fẹ́ tún pe mẹkáníìkì. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àyè rẹ̀ nìyẹn.