Ìsàba adìẹ ìbílẹ̀ ní Èkìtì

Ìsàba ni kí àgbébọ̀ adìẹ jókòó lé ẹyin lọ́sàn-án lóru, kí ó máa fi ara mú un móoru títí yóò fi pamọ. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń gbà. Ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Adó dé Ìkọ́lé àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ọ̀nà yìí ni àwọn tó ń sin adìẹ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí kò bèèrè ẹ̀rọ, kò sì bèèrè iná mànàmáná.

Adìẹ ìbílẹ̀ ló mọ iṣẹ́ náà jù. Adìẹ òyìnbó tí wọ́n ń sìn torí ẹyin títà kì í sábà sàba mọ́: láti ìran dé ìran, èyí tí kì í dá ẹyin yíyé dúró ni àwọn tó ń tọ́ wọn ń ṣà sílẹ̀. Adìẹ tó bá ń sàba kì í yé ẹyin, prolactin, èròjà (họ́mọ́nù) tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló ń fà á. Adìẹ ilé máa ń yé bíi 10 sí 15 kí ó tó dáwọ́ dúró. Nígbà náà ni kò ní fẹ́ kúrò nínú ìtẹ́ mọ́, àní ní alẹ́. Yóò wú ìyẹ́, yóò máa kùn lọ́fun, yóò sì fi ẹnu ṣá ọwọ́ tó bá sún mọ́ ọn. Ìyẹ́ abẹ́ àyà rẹ̀ á re, kí awọ ara lè kan ẹyin.

Kò yẹ kí a kánjú kó ẹyin tó dára fún un. Kí ó kọ́kọ́ sùn lórí ẹyin kan tàbí méjì tí kò wúlò fún òru méjì, kí ìjókòó rẹ̀ lè dúró. Ẹyin tí a ó gbé sí abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ. Ibi tútù nínú ilé ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí, ṣóńṣó rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. A kì í fọ̀ ọ́, nítorí omi ń fọ ohun tó ń dáàbò bo èèpo rẹ̀ kúrò. Bí kò bá sí àkùkọ láàrin agbo, asán ni gbogbo làálàá náà. Ẹyin 10 sí 12 tó fún adìẹ ìbílẹ̀ tí ara rẹ̀ kò tóbi.

Agbọ̀n tàbí bàsíà àtijọ́ tí a fi koríko gbígbẹ tẹ́ ni ìtẹ́, ní igun tó ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń bu eérú igi sí i nítorí iná adìẹ, kòkòrò tó lè mú àgbébọ̀ fi ẹyin sílẹ̀ kó sì sá. Adìẹ fúnra rẹ̀ ló ń yí ẹyin. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ó ń dìde, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, láti jẹun, mumi kí ó sì yàgbẹ́. Ìgbẹ́ náà tóbi, ó sì ń rùn, kì í ṣe àìsàn. Kí a fi èédú sàmì sí ẹyin, nítorí àwọn adìẹ mìíràn máa ń wá yé tiwọn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ keje, a lè fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò lóru: èyí tó ní iṣan pupa nínú ti gba ọmọ, èyí tó mọ́ rekete ni ká yọ.

Láti ọjọ́ 18, kí a má fọwọ́ kan ẹyin mọ́. Láàrin ìgbà tí èèpo bá sán àti ìgbà tí òròmọdìẹ bá jáde, ó lè tó ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ṣí èèpo lè mú kí ọmọ náà ṣẹ̀jẹ̀. Pupa ẹyin tó wọ inú rẹ̀ lè gbé e ró fún ọjọ́ méjì láìjẹun, ìdí nìyẹn tí ìyá fi lè dúró de àwọn tó pẹ́.

Ìgbà tó léwu jù wá dé nìyí. Àwọn tó ń sin adìẹ sọ pé òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Ṣùgbọ́n ìyá nìkan kò lè bá àwòdì, ejò, ológbò àti òjò jà pọ̀. Ó sàn kí a fi àgò bò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a fún wọn ní àgbàdo lílọ̀, kí a fọ́ ilé ikán fún wọn ní àsìkò òjò, kí a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo omi kí wọ́n má bàa rì. Lúkúlúkú, àrùn tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, burú ju gbogbo wọn lọ: ó ń yí ọrùn adìẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí ewé, ó sì ń pa agbo run, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kò ní ìwòsàn. Àjẹsára I-2, tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí àìsàn ẹran ọ̀sìn ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ni wọ́n ń kán sí adìẹ lójú láti dènà rẹ̀.

Àwọn kan tún ń gbé ẹyin awó sí abẹ́ adìẹ, nítorí awó kì í fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù lórí ìtẹ́. Ọjọ́ 26 sí 28 ni ìyẹn ń gbà.